Gíà Ni, Àbí Sẹ́ńsọ̀? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Onímọ́tò ní Èkìtì

Lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí pọ̀, ó sì jọ pé ohun kan náà ni ó ń da ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ wọ́n láàmú: ọkọ̀ ń ṣe ségesège, ẹnìkan ní gíà ni, ẹlòmíràn ní sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀yà kékeré tí ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ni, owó sì ti ń jáde lápò kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ọkọ̀ náà wò dáadáa. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé wọn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fi àyè gbà jù, nítorí pé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì fi ọwọ́ ara mi kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí. Ìkéré ni mo ń gbé, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Honda Accord ọdún 2004, onísìlíńdà mẹ́rin, ni mò ń wà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí wọ́n fọ ọkọ̀ náà tinú-tòde títí kan ẹ́ńjìnnì, nítorí ìsìnkú bàbá ìyàwó mi. Ní ọjọ́ kẹta, iná D tí ó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ tí ó ń ka eré a máa já wálẹ̀ sí òdo nígbà tí mo bá wà lórí ìrìn, ọkọ̀ a sì wúwo bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní gíà ti kú, pé kí n wá ₦650,000 fún tókúnbọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní kọ́ọ̀dù P0720 ni ó gbé jáde, pé sẹ́ńsọ̀ ni kí n rà. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? (Olùkọ́, Ìkéré-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ̀yìn wọn yóò dára.

Kí n tó sọ ẹni tí ẹ ó gbà gbọ́, ẹ jẹ́ kí n mú gbólóhùn kan nínú lẹ́tà yín tí ẹ̀yin fúnra yín kàn sọ kọjá lọ. Ẹ ní ẹ fọ ẹ́ńjìnnì, pé ọjọ́ kẹta ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo ti mọ apá ibi tí n ó kọ́kọ́ yọjú sí bí mo bá rí ọkọ̀ náà. Omi tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tú jáde ní ilé ìfọkọ̀ lágbára débi pé ó ń gba abẹ́ rọ́bà wọ inú ẹnu wáyà, níbi tí omi òjò lásán kò lè dé.

Gíà òtòmátíìkì kì í fúnra rẹ̀ pinnu ìgbà tí yóò kúrò ní gíà kìn-ín-ní bọ́ sí ìkejì. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brẹ́nbọ́ọ̀sì, ni ó ń pinnu fún un, òun ni ó ń rán iná sí àwọn fáàfù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní solenoid, kí wọ́n lè ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì láti fún àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì pọ̀. Kí ó tó lè pinnu, ó gbọ́dọ̀ mọ bí awakọ̀ ṣe ń tẹ iná (pẹ́dà tí ń mú ọkọ̀ sáré) tó, bí ọ̀pá tí ó ń gbé agbára wọ inú gíà ṣe ń yí tó, àti bí ọ̀pá tí ó ń gbé e jáde lọ sí táyà ṣe ń yí tó. Sẹ́ńsọ̀ wà tí ó ń ròyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìròyìn ọ̀pá àbájáde bá já, kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lójú nìyẹn. Kì í dáwọ́ lé ohun tí kò rí, ṣe ni ó máa ń fi gíà síbi kan náà kí ẹ lè rọra wà á dé ilé. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yín fi wúwo: gíà ńlá ni ó fi ń gbéra níbi tí ó yẹ kí ó ti fi kékeré gbéra.

Nínú irú ọkọ̀ tí ẹ ní yìí, sẹ́ńsọ̀ ọ̀pá àbájáde kan náà ni ó ń jíṣẹ́ fún abẹ́rẹ́ tí ó ń ka eré. Ẹ wá rò ó wò. Àwo kílọ́ọ̀ṣì tí ó ti jẹ tán lè mú kí ọkọ̀ máa yọ̀, ó lè mú kí ó má tilẹ̀ gbéra rárá, ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè já abẹ́rẹ́ eré wálẹ̀ sí òdo nígbà tí táyà ń yí lórí títì. Bí nǹkan méjì bá ṣàìsàn ní ìṣẹ́jú kan náà, tí àwọn méjèèjì sì ń mu omi nínú kànga kan, kànga yẹn ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mẹkáníìkì yín kò bi abẹ́rẹ́ náà ní ìbéèrè kankan kí ó tó ní gíà ti kú.

Ẹni tí ó ní kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀ súnmọ́ òtítọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà sáré. Ohun tí P0720 ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kò rí ìròyìn tí ó ń retí láti ojú ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ yẹn. Sẹ́ńsọ̀ wà ní ìpẹ̀kun kan ojú ọ̀nà náà, kọ̀ǹpútà wà ní ìpẹ̀kun kejì, ẹnu wáyà àti wáyà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá wà láàárín wọn. Ẹ̀sùn ni kọ́ọ̀dù jẹ́, ẹ̀sùn sì nílò ẹlẹ́rìí. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti rí sẹ́ńsọ̀ tí ó pọ̀ tí ara wọn dá ṣáṣá tí wọ́n yọ sọnù nítorí pé kọ́ọ̀dù dárúkọ wọn.

Nígbà tí ẹ gbé ọkọ̀ náà wá sí Adó ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rántí pé n kò kọ́kọ́ tú nǹkan kan. A fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, a gbé ọkọ̀ náà lé orí irin ìdúró, a ti òkúta mọ́ táyà ẹ̀yìn, ọmọ iṣẹ́ mi sì jókòó sínú rẹ̀, ó fi sí D, táyà sì ń yí nínú afẹ́fẹ́. Mo ń wo ojú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Nọ́ńbà ọ̀pá àwọlé ń gòkè, ó ń sọ̀. Ti ọ̀pá àbájáde dúró ní òdo. Mo na ọwọ́ sí ẹnu wáyà tí ó wọ orí sẹ́ńsọ̀ náà, mo rọra mì í, nọ́ńbà náà sì fò láti òdo kọjá 400, ó tún já. Mo mì í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fò. Nígbà tí a pa ọkọ̀ tí mo sì yọ ẹnu wáyà náà, pín mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ: méjì ń dán, èyí tí ó wà láàárín ti hu ìpata aláwọ̀ ewé bí ti kọ́bọ̀ àtijọ́, ìkán omi kan sì ṣì wà lábẹ́ rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. A fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹnu wáyà fọ̀ ọ́ mọ́, a ká etí pín náà díẹ̀ kí ó lè di ojúgbà rẹ̀ mú ṣinṣin, a fi gírísì àwọn oníná pa rọ́bà rẹ̀, a pa kọ́ọ̀dù rẹ́, a sì wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìyìn, a wà á padà. D kò ṣẹ́jú mọ́. Sẹ́ńsọ̀ tí ó bá ọkọ̀ náà ti òkèèrè wá ni ó ṣì wà lórí rẹ̀ títí di òní, gíà náà sì ni.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ bá fẹ́ tọ ipa ọ̀nà yìí, ẹ kọ́kọ́ ka iye wáyà tí ó wọ orí sẹ́ńsọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ méjì, sẹ́ńsọ̀ eré onímágínẹ́ẹ̀tì ni ó sábà máa ń jẹ́: ẹ lè fi mítà wọn orí méjèèjì rẹ̀, ó sì yẹ kí ó fún yín ní iye kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohm. Bí mítà bá ní ọ̀nà ti gé pátápátá, tàbí pé orí méjèèjì ti fi ara kan ara, sẹ́ńsọ̀ náà ti kú lóòótọ́. Bí wáyà bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ má ṣe fi ohm dá a lẹ́jọ́, nítorí pé inú irú rẹ̀ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ tí mítà kò lè kà báyẹn. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wò ó bóyá iná ń dé ibẹ̀ lórí wáyà tí ó ń gbé e wá (fólítì 5 tàbí 12 ni, bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣe ṣe é), àti bóyá wáyà ilẹ̀ rẹ̀ dára. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, ẹ lè ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá, òkú ni gbogbo wọn yóò máa jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ fọ ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù, kí ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu wáyà àti bátìrì, kí ẹ lo aṣọ tútù àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ omi sún mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ: Awakọ̀ èrò ni mí. Toyota Sienna ni mo fi ń ná Adó sí Iléṣà. Bí mo bá ti kọjá Ìtàwúrẹ́ tí mo fẹ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú èrò kíkún, ẹ́ńjìnnì a máa ké, ọkọ̀ kò sì ní lọ bí ó ṣe ń ké tó. Òórùn bí ìrẹsì tí ó jóná a máa jáde. Bí mo bá dúró kí ó tutù, a tún máa ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Kò sí iná kankan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, síbẹ̀ wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjì. Ọ́ìlì gíà mi kò wọ́n mi: haidrọ́líìkì pupa ni mo ń rà ní ìwọ̀n lítà. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, N ni mo máa ń fi í sí kí epo má baà lọ púpọ̀. Ṣé sẹ́ńsọ̀ kẹta ni kí n rà? (Awakọ̀, Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè)

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má ra sẹ́ńsọ̀ kankan mọ́. Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún ẹni tí ọkọ̀ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jẹ́ àrùn inú gíà, òórùn yẹn sì ni ẹlẹ́rìí tí ó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Sẹ́ńsọ̀ kì í rùn bí ìrẹsì tí ó jóná. Ọ́ìlì àti àwo kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìgbóná bá pọ̀ jù fún wọn.

Kí ẹ tó lọ bá ẹni tí yóò tú u, àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú (mo mọ̀ pé èyí nìkan tó iṣẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n), kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ gíà gba gbogbo ojú rẹ̀ láti P dé L kí ẹ sì dá a padà sí P. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì gíà yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà kí ẹ sì tún fà á yọ. Bí àwọn Toyota tí ó ní ọ̀pá ṣe fẹ́ kí á wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ti Honda yàtọ̀, ẹ̀yìn tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí aṣọ funfun. Pupa tí ó mọ́ gaara dára. Bí ó bá ti dà bí omi ẹ̀lùbọ́, ó ti gbó. Bí ó bá dúdú, tí ó ń rùn, tí eérú kéékèèké sì wà nínú rẹ̀, awọ àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì ti ń bọ́ sínú rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì ní àwọ̀ mílíìkì pọ́npọ́n, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tan ọkọ̀ mọ́, omi rédíétọ̀ ti ya bá ọ́ìlì gíà, nítorí pé inú rédíétọ̀ ni páìpù tí ń tu ọ́ìlì gíà lójú gbà kọjá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Bí ọ́ìlì bá kàn lọ sílẹ̀ tí kò sì tíì jóná, ìrètí wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ imú sókè, ọ́ìlì a wọ́ sẹ́yìn, ẹ̀rọ tí ń fa ọ́ìlì a sì máa gbé afẹ́fẹ́ mì. Agbára tí yóò fún àwo kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ á dínkù, wọn á máa yọ̀ mọ́ ara wọn lára, ìyọ̀ yẹn ni ó sì ń dáná sí wọn. Ẹ wá ibi tí ó ti ń jò, kí ẹ dí i, kí ẹ sì fi irú ọ́ìlì tí ó yẹ kún un.

Irú ọ́ìlì yìí ni mo fẹ́ kí á bára wa sọ òótọ́ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì gíà òtòmátíìkì ni wọ́n ń pa láró pupa, nítorí náà pupa kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Iye tí ó yẹ kí ó yọ̀ àti iye tí ó yẹ kí ó di nǹkan mú ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń ṣírò nígbà tí wọ́n bá yan ọ́ìlì. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìwọn Toyota, wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gbangba, bíi T-IV tàbí WS. Ẹ ka ohun tí ó wà lára tiyín, òun ni kí ẹ rà, nínú agolo tí wọ́n dì pa.

Ọ̀rọ̀ N nígbà ìsọ̀kalẹ̀ le ju gbogbo èyí lọ, nítorí pé ẹ̀mí èrò wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà fọ́n epo máa ń sé epo nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná nínú gíà tí ọkọ̀ sì ń sáré, nítorí pé táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Tí ẹ bá fi sí N, ó di dandan kí ó máa fọ́n epo kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Epo tí ẹ rò pé ẹ ń tọ́jú ni ẹ ń sun. Ní àfikún, bíréèkì nìkan ni ó kù tí ó ń dá ọkọ̀ dúró ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, bí ó bá sì gbóná jù, ẹsẹ̀ yín lè kan ilẹ̀ kí ọkọ̀ má dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sí 3 tàbí 2, kí ẹ́ńjìnnì bá yín di ọkọ̀ mú. Bákan náà ni nígbà tí ẹ bá ń gòkè: gíà tí ó kéré tí ó dúró sójú kan sàn ju D tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín gíà méjì.

Bí ọ́ìlì bá ti dúdú tí ó sì ń rùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ́ìlì tuntun yóò wo ó sàn. Kí wọ́n tú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì máa ń wà nínú rẹ̀: ẹrẹ̀ eérú tí ó rọ̀ lára mágínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun ìjayà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èékánná irin, àtúnṣe ńlá tàbí gíà mìíràn ni ó kù. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tókúnbọ̀, ẹ ní kí ẹni tí ó ń tà á ṣí ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ lójú yín, kí ẹ kán ọ́ìlì tí ó kù nínú rẹ̀ sórí aṣọ funfun yẹn kan náà. Kí wọ́n fọ páìpù ọ́ìlì àti rédíétọ̀ kí wọ́n tó gbé èyí tí ẹ rà wọlé, nítorí pé ìdọ̀tí gíà àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń pa ìkejì.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá olóko àgbàdo ni mí, mo sì ń ta á káàkiri. Iná ẹ́ńjìnnì kò kú nínú Corolla mi láti oṣù méjì, gíà sì ń fò kì-kì-kì tí mo bá ń gbéra. Wọ́n kọ P0171 fún mi sórí bébà. Mo ti ra sẹ́ńsọ̀ salẹ́ńsà, mo ra ti afẹ́fẹ́, kò yí padà. Wọ́n tún ti ń pè mí sí ti gíà. (Ìyá oníṣòwò, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ má sì ná òmíràn. P0171 kò dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kankan. Ohun tí ó ń wí ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún epo tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà sì ti fi epo kún un títí ó fi dé òpin agbára rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ salẹ́ńsà ni ó mú ẹjọ́ náà wá. Wọ́n wá yọ ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá kúrò láwùjọ.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àfikún lè gbà wọlé ni kí wọ́n wá. Rọ́bà ńlá kan so ilé fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń sán nínú àwọn ìkákò rẹ̀, níbi tí ojú kò lè rí i àfi tí wọ́n bá fi ọwọ́ nà án. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ti kọjá sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tí ó kà á. Ẹ ní kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka iye tí kọ̀ǹpútà fi ń kún epo nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí ó tún kà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ga gan-an nígbà tí ọkọ̀ dúró, bíi 25 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì wálẹ̀ nígbà tí a tẹ iná, afẹ́fẹ́ ń jí wọlé níbì kan. Bí ó bá jẹ́ pé bí a ti ń tẹ iná ni ó ń ga sí i, kí wọ́n wo agbára ẹ̀rọ tí ń fa epo, fílítà rẹ̀, àti ìdọ̀tí lórí wáyà tín-ín-rín inú sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, èyí tí oògùn ìfọ̀ tirẹ̀ nìkan yẹ kí ó kàn, láìsí búrọ́ọ̀ṣì, láìsí pẹtiróòlù.

Ní ti gíà tí ń fò, iye afẹ́fẹ́ tí ó wọ ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, ìyẹn ni ó sì fi ń díwọ̀n agbára ọ́ìlì tí yóò fi pààrọ̀ gíà. Bí òǹkà bá ti yẹ̀, ìpààrọ̀ náà á le. Ẹ tún ti afẹ́fẹ́ ṣe ná, kí ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gíà. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n yọ, bí ó bá ṣì wà, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, tiyín ni.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí ó ń fi kọ́ọ̀dù hàn lórí fóònù. Ṣé ó tó láti fi mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ bàbá mi? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, rà á, yóò wúlò. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti gbọ́dọ̀ ní ẹnu oníhò 16 yìí, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú tókúnbọ̀ wa ti ń wá. Kọ́ọ̀dù tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àti gíà. Bí 07 bá tẹ̀lé P, ojú gíà ni kí o kọ́kọ́ yí sí. P0700 fúnra rẹ̀ kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà gíà ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré yìí kò sì lè wọ ibẹ̀ lọ gbọ́ ọ, nítorí náà o ṣì lè nílò ẹni tí ó ní èyí tí ó tóbi.

Ohun méjì ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe. Má ṣe pa kọ́ọ̀dù rẹ́ kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ nípa ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀: eré tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Bí o bá pa á rẹ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Èkejì, bí sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá dédé ń jẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í kú lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀. Wọn bátìrì, tí ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bíi fólítì 12.6 nígbà tí ọkọ̀ wà ní pípa, kí ó sì wà láàárín 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí o sì tọ wáyà ilẹ̀ dé ibi tí wọ́n dè é mọ́ ara ọkọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọkọ̀ mi kì í ta ní P mọ́, àfi ní N, iná ẹ̀yìn tí ń fi hàn pé mo ń padà sẹ́yìn kò sì tàn. Rewáyà ní òun lè so wáyà méjì pọ̀ kí ó máa ta níbikíbi. Ṣé kí n gbà? (Bàbá kan, Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà, bàbá. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára gíà tí ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ojú tí ọwọ́ gíà wà, òun náà ni ó ń tan iná ìpadàsẹ́yìn, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ ta nígbà tí ó bá wà ní D. Ó ṣeé ṣe kí òkùn irin tí ó so ó mọ́ ọwọ́ gíà ti fà, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ náà ti yí díẹ̀ lórí ìdè rẹ̀. Ihò ìdè rẹ̀ sábà máa ń gùn kí á lè yí i padà sójú rẹ̀, iṣẹ́ tí kò gba àkókò púpọ̀. Bí wọ́n bá so wáyà náà pọ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnìkan bá gbàgbé ọwọ́ gíà sí D tàbí R, bí ó ti ń yí kọ́kọ́rọ́ ni ọkọ̀ lè fò lọ, ẹ sì sọ nínú lẹ́tà yín pé iwájú ilé ni ẹ ń gbé e sí, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ yín ti máa ń ṣeré.